Ilá Kì í Ga Ju Onílá Lọ: Bí A Ṣe Ń Gé Ọ̀gbìn Ẹ̀yìnkùlé Tó Ti Di Igbó Kí Ẹ̀ẹ̀rùn Tó Dé

Lóṣù yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó àjọ tàbí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n la fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún, ta ni kò fọ́n tẹ̀tẹ̀? Ta ni kò gbin ilá, tí kò lọ́ ata díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná? Títí di oṣù kẹfà, ẹ̀yìnkùlé mọ́, gbogbo rẹ̀ dára. Lẹ́yìn náà ni ọjà gbà wá lọ́wọ́. Òní Ṣakí, ọ̀la Ìsẹ́yìn, ọ̀túnla Òkèhò tàbí Ìgbòho. Kí a tó bojú wẹ̀yìn ní oṣù kẹsàn-án, ilá ti ga ju fèrèsé lọ, orí rẹ̀ gan gbọn-in bí ìwo. Tẹ̀tẹ̀ ti yọ òdòdó. Tòmátì ti sùn sílẹ̀, ó ń jẹrà. Ewúro ti di igi, ọwọ́ ò tó ewé rẹ̀ mọ́.

Kí la sábà máa ń ṣe? Ẹlòmíì á fi í sílẹ̀ kí ọyẹ́ pa á. Ẹlòmíì á ní kí ọmọ fi àdá ṣán gbogbo rẹ̀ nílẹ̀, kí ó sun ún. Ẹlòmíì á pe ọmọkùnrin tó ń gbé ẹ̀rọ ìfọ́nkó kiri pé kó wá fi oògùn pa á. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń fi owó ṣòfò. Ẹ̀mí ṣì wà nínú púpọ̀ nínú ọ̀gbìn wọ̀nyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gé nígbà tí òjò àrọ̀kúrò ṣì ń rọ̀, yóò máa ká ẹ̀fọ́ àti ata nígbà tí àwọn tó kù bá ń ra gbogbo rẹ̀ ní ọ̀wọ́n.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KAN ONÍṢÒWÒ

Ẹ rántí ọdún 2021. Ní oṣù kejì ọdún náà ni ìjà ṣẹlẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá n'Ìbàdàn. Kí oṣù náà tó parí, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti òkè Ọya dá ọkọ̀ wọn dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Gbogbo wa la rí ohun tí ata, tòmátì àti àlùbọ́sà dà lọ́jà. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta jẹ oko tòmátì run ní Kàdúná àti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí i ká, títí tí ìjọba Kàdúná fi kéde rẹ̀ ní ọ̀ràn pàjáwìrì.

Mi ò sọ pé ẹ̀yìnkùlé lè gba iṣẹ́ ọkọ̀ tírélà o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò yẹ kí ìkòkò ọbẹ̀ wa máa jẹ owó òwò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí ìyá kan bá ń yọ ₦500 péré nínú owó ọjà lójoojúmọ́ fi ra ata àti ẹ̀fọ́ ilé, ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ó ti di ₦50,000. Owó òwò ẹlòmíì ni yẹn! Ọ̀pọ̀ wa máa ń ní ọjà ò tà, bẹ́ẹ̀ ọjà tà, ọbẹ̀ ló jẹ ẹ́.

KÍ LÓ DÉ TÍ GÍGÉ FI Ń MÚ ỌGBÌN RÚ?

Ẹ wo igi ilá dáadáa. Ní gbogbo oríkèé tí ewé ti yọ, ojú kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń sùn. Orí ọ̀gbìn tó wà lókè pátápátá ni kì í jẹ́ kí àwọn ojú náà jí. Òun ni ìyálé, ó ń gba oúnjẹ, ó sì ń pàṣẹ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀ pé kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Bí a bá gé orí yẹn kúrò, àwọn ojú ìsàlẹ̀ á jí, wọ́n á sì yọ ẹ̀ka. Ibi tí ẹ̀ka kan wà tẹ́lẹ̀, mẹ́ta lè jáde.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ irúgbìn. Ọ̀gbìn kì í so nítorí ọbẹ̀ wa, nítorí àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ló ṣe ń so. Bí ilá bá ti gbó lórí igi, tí èso inú rẹ̀ ti le, igi náà á gbà pé iṣẹ́ òun ti parí, á sì dẹwọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ká ilá ní ọjọ́ méjì-méjì fi ń rí ilá pẹ́ ju ẹni tó ń ká a ní ọ̀sẹ̀ kan-kan.

Àwọn àgbà ní ilá kì í ga ju onílá lọ. Bó bá ga jù, a ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ká a. Títẹ̀ yẹn dára, àmọ́ gígé sàn jù ú lọ.

ÌGBÀ WO NI KÍ A GÉ E?

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ Òkè-Ògùn, a ò rí bíi ti àwọn ará Ìjẹ̀bú tàbí Oǹdó tí òjò máa ń bá ṣe títí. Òjò wa máa ń pọ̀ gan-an ní oṣù kẹsàn-án, á sì dáwọ́ dúró nígbà tí oṣù kẹwàá bá ń lọ sópin. Lápá Kíṣí àti Ìgbẹ́tì, ó tún lè tètè lọ ju ti Ìsẹ́yìn lọ. Nítorí náà, gígé ńlá gbọ́dọ̀ wáyé láti ìparí oṣù kẹjọ sí ìparí oṣù kẹsàn-án, kí òjò tó kù lè mú ẹ̀ka tuntun dàgbà. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí ọyẹ́ dé kí ó tó gé, bí kò bá ní omi tí yóò máa bu, ó kàn ń ran ọyẹ́ lọ́wọ́ láti pa ọ̀gbìn rẹ̀ ni.

Àárọ̀ ni kí ẹ gé e, lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ. Ẹ má gé nígbà tí ewé tutù, nítorí omi orí ewé ló ń gbé àrùn láti ara kan dé ara kejì.

OHUN ÈLÒ

A ò nílò ohun olówó ńlá. Ọ̀bẹ tó mú, àlùmọ́gàjí ńlá kan, àti ayùn kékeré fún igi. Ẹ má fi àdá tó ti kú tan ọ̀gbìn jẹ, ojú ibi tó ya ni àrùn ń gbà wọlé. Ẹ gbé omi ọṣẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ máa fọ ọ̀bẹ bí ẹ bá kúrò lára igi tó ń ṣàìsàn.

Kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ igbó ẹ̀yìnkùlé, ẹ mú ọ̀pá gígùn kí ẹ fi lu ilẹ̀ àti ìdí ọ̀gbìn. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Paramọ́lẹ̀ kì í sá fún ènìyàn, ńṣe ló máa ń dúró jẹ́ẹ́ títí ẹsẹ̀ á fi bà á. Èmi fúnra mi ti rí i rí lábẹ́ tòmátì tó sùn sílẹ̀, ọmọ mi ló kù díẹ̀ kó tẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fojú kékeré wo ẹ̀yìnkùlé tó kún. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, ẹ má sín ojú ibẹ̀, ẹ má fa á mu, ẹ má sì dè é pinpin. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà má rìn, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá.

ILÁ

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tí ẹ gbìn, nítorí oríṣi méjì ló wà lọ́wọ́ wa. Àkọ́kọ́ ni ilá tó máa ń yá, tó ń so láàrin bí oṣù méjì. Irú NHAe 47-4 tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí NIHORT n'Ìbàdàn mú jáde wà lára wọn. Ìkejì ni ilá àwọn ìyá wa àtijọ́, tó sanra nídìí, tó ń ga, tí kì í so títí òjò á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Èyí ń dúró de ìgbà tí ojúmọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú kó tó yọ òdòdó.

Ìkejì yìí, ẹ má gé e ní oṣù kẹsàn-án o! Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ so ni. Ẹ̀ka tó kú nìkan ni kí ẹ yọ, kí ẹ ro ìdí rẹ̀, kí ẹ sì máa retí rẹ̀ títí wọ inú ẹ̀ẹ̀rùn.

Èyí tó máa ń yá ni a ń gé, báyìí:

1. Ẹ fi ọwọ́ gbá igi rẹ̀ mú kí ẹ wò ó. Bí ara rẹ̀ bá ṣì tutù, tí kò gbẹ, ó ṣeé gé. Ẹ fa ọ̀kan tu wò. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá kún fún kókó, kòkòrò inú ilẹ̀ ti wọ̀ ọ́. Ẹ tu irú rẹ̀, kí ẹ sun gbòǹgbò rẹ̀, kí ẹ má sì gbin ilá tàbí tòmátì síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

2. Ẹ gé igi ilá ní ẹsẹ̀ bàtà kan sókè ilẹ̀, kí oríkèé mẹ́ta sí márùn-ún kù. Kí ojú ibi tí ẹ gé dàgẹ̀rẹ̀, kí omi òjò má baà dúró síbẹ̀.

3. Ẹ má gé gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ gé ìdajì, nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ gé ìdajì tó kù. Báyẹn, ọbẹ̀ ò ní dá.

4. Ẹ bu ajílẹ̀ sí ìdí rẹ̀, kí ẹ fi koríko bò ó.

5. Bí ẹ̀ka tuntun bá yọ, ẹ yan méjì tàbí mẹ́ta tó lágbára, kí ẹ já ìyókù.

Bí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká ilá. Kì í ṣe àwa nìkan la ń ṣe é. Àwọn àgbẹ̀ apá gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé irúgbìn ilá dé, ń gé ilá wọn bẹ́ẹ̀ nígbà ooru kí wọ́n lè ká ilá kejì kí òtútù tó dé. Ẹ fi igi kan tàbí méjì tó so jù sílẹ̀ láìgé, kí ó gbó fún irúgbìn ọdún tó ń bọ̀.

TẸ̀TẸ̀, ṢỌKỌ ÀTI EWÉDÚ

Ẹni tó ń fa tẹ̀tẹ̀ tu tìdítìdí, ẹ̀ẹ̀kan ló ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá gé e ní bí ínǹsì mẹ́fà sílẹ̀, á tún padà wá gé e ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bákan náà ni ṣọkọ àti ewédú. Tẹ̀tẹ̀ tó bá ti yọ òdòdó jáde, ìrètí ewé rẹ̀ ti tán. Ẹ fi èyí tó dára sílẹ̀ fún irúgbìn, kí ẹ tu ìyókù, kí ẹ tún fọ́n òmíràn kí òjò àrọ̀kúrò tó lọ. Bí ẹ bá rí òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú, ẹ tètè já a.

EWÚRO ÀTI ÈFÌNRÍN

Ewúro ò mọ ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdí nìyẹn tí owó fi wà nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ̀fọ́ ò sí. Bó bá ti ga ju yín lọ, ẹ gé e wálẹ̀ dé orókún, kí ẹ fi ẹ̀ka kan tàbí méjì tó ní ewé sílẹ̀ kí ó lè máa mí. Igi tí ẹ gé yẹn, ẹ má dà á nù. Ẹ gé e ní ìgbọ̀nwọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rì í sínú ilẹ̀ tó ṣì tutù, ó di ewúro tuntun nìyẹn. Ẹ kíyè sí i o, orí tó wà lókè nígbà tó wà lára igi náà ni kí ó wà lókè. Ẹni tó bá dorí rẹ̀ kodò á máa retí asán.

Èfìnrín ní tirẹ̀, òdòdó ló ń pa á. Ẹ máa já òdòdó rẹ̀, kí ẹ gé e dé ìdajì, á sì tún kún bí agbòòrùn.

ATA

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ọdún kan péré ni ata ń lò. Rárá o. Ata rodo àti ata wẹ́wẹ́ lè kọjá ọdún kan bí a bá tọ́jú wọn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ká èyí tó pọ̀, ẹ gé gbogbo ẹ̀ka tó kú, èyí tó ń fara kan ilẹ̀, àti èyí tó kọjá sórí ara wọn tó ń bára wọn jà. Kí atẹ́gùn lè gba àárín igi náà kọjá. Ìyókù, ẹ gé e kù ní ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹ má ki í lórí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ewé ata bá ká kò, tó rí pàtìpàtì, tí igi náà kò dàgbà mọ́, kò sí oògùn tó lè wò ó. Gígé ò ràn án. Ẹ tu ú, kí ẹ gbé e jìnnà sí àwọn tó kù. Àrùn ata àti tòmátì kan tún wà tó ń ti ara ewé tábà wá, ó sì lè wà nínú aṣáà àti sìgá títí. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń fín aṣáà, ẹ má bínú, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ata. Kì í ṣe àbùkù, ìtọ́jú ni.

TÒMÁTÌ

Oríṣi kan wà tó máa ń dá ara rẹ̀ dúró, tó kúrú, tó so lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má gé ẹ̀ka ìyẹn, èso lẹ ń gé dànù. Èkejì ń gùn ṣáá ni. Èyí la ń fi ọ̀pá tì, tí a ń já ẹ̀ka kéékèèké tó ń yọ láàrin igi àti ewé. Ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi já a nígbà tó ṣì rọ̀.

Àwọn méjèèjì, ẹ gé ewé ìsàlẹ̀ wọn tó bá fara kan ilẹ̀, títí dé bí ẹsẹ̀ bàtà kan sókè. Òjò ló ń ta ilẹ̀ sí ewé wọ̀nyẹn, ibẹ̀ ni àrùn tó ń sọ ewé di pípọ́n àti dúdú ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí ewé tí kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀, tó ku awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ já a, kí ẹ sun ún tàbí kí ẹ dì í sínú ọ̀rá dúdú sínú oòrùn. Tuta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, inú ewé ni ọmọ rẹ̀ ń gbé.

MÁŃGÒRÒ, KAJÚ ÀTI ỌSÀN

Ibí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ẹni tó ti mú ọ̀bẹ dání láti gé ilá ní oṣù kẹsàn-án lè fẹ́ bọ́ sórí igi eléso. Ẹ dúró ná! Kajú wa ní Òkè-Ògùn máa ń yọ òdòdó láti bí oṣù kọkànlá, a sì ń ṣa èso rẹ̀ láti oṣù kejì dé oṣù kẹrin. Máńgòrò náà ń múra òdòdó nígbà ọyẹ́. Bí ẹ bá gé ẹ̀ka tútù wọn ní oṣù kẹwàá tàbí oṣù kọkànlá, owó ọdún tó ń bọ̀ lẹ gé yẹn. Lẹ́yìn tí a bá ti ṣa èso tán, nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ni ìgbà gígé kajú. Lẹ́yìn tí máńgòrò bá tán lórí igi, ní oṣù kẹfà sí oṣù keje, ni ti máńgòrò.

Ohun tí ẹ lè ṣe sí wọn kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé ni kí ẹ gé ẹ̀ka tó ti kú, kí ẹ sì ro abẹ́ wọn mọ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ìgbà tí kajú ṣì kéré ni kí ẹ ti gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ lè máa rọ́nà ṣa èso.

Bí ẹ̀ka bá nípọn, ìgbà mẹ́ta la ń gé e. Ẹ kọ́kọ́ fi ayùn gé e láti ìsàlẹ̀ wọ inú díẹ̀, ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí ibi tó ti yọ. Ẹ wá bọ́ sókè, kí ẹ gé e já ní iwájú ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gé kùkùté tó kù kúrò nítòsí igi, láìfọwọ́ kan ibi tó wú díẹ̀ ní ìdí ẹ̀ka. Bí ẹ bá gé e láti òkè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀ka á já, á sì bó èèpo igi náà wálẹ̀ bí ìgbà tí a bó ẹran.

Lára ọsàn, ẹ̀ka tó bá yọ ní ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti so igi méjì pọ̀, ẹ gé e. Ọsàn kíkan ni yóò so, ó sì ń jalè oúnjẹ èyí tó dùn.

Ẹ wo òkè fún afòmọ́ pẹ̀lú. Ẹyẹ ló ń gbé èso rẹ̀ wá, ó sì ń mu omi ara igi. Bí ẹ bá gé afòmọ́ nìkan, á tún rú. Ẹ̀ka tó jókòó lé ni kí ẹ gé, ní bí ẹsẹ̀ bàtà kan sẹ́yìn ibi tó ti lẹ̀ mọ́ ọn, kí ó tó so. Ẹ má sì jù ú nù, àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ wa lọ́jà ń wá a.

OHUN TÍ A GÉ, IBO LÓ Ń LỌ?

Ẹ má sun ún, àyàfi èyí tó ń ṣàìsàn. Nígbà tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, iná ẹ̀yìnkùlé kan lè gba oko kajú ẹni ẹlẹ́ni lọ. Ẹ gé ewé àti igi tútù náà wẹ́wẹ́, kí ẹ tẹ́ ẹ sí ìdí ọ̀gbìn, kí ó nípọn tó ìka mẹ́rin, kí ó má fara kan igi gan-an. Ó ń di omi mú nínú ilẹ̀, ó ń pa koríko mọ́lẹ̀, ó sì ń jẹrà di ajílẹ̀. Akíntọ́lá tí ẹ bá ṣán kí ó tó yọ òdòdó náà dára fún un. Ẹ̀kan àti koríko tó ti so ni kí ẹ má tẹ́ síbẹ̀, ẹ ń gbin wàhálà ni.

Ìgbẹ́ adìyẹ tútù ń jó ọ̀gbìn. Ẹ kó o jọ, kí ẹ bò ó, kí ó jẹrà fún oṣù kan ó kéré tán, títí tí kò fi ní gbóná mọ́. Ti ewúrẹ́ kò le tó bẹ́ẹ̀. Omi tí a fi fọ ìrẹsì tàbí ẹ̀wà, ẹ má dà á sí ojú gọ́tà, ìdí ata ni kí ẹ dà á sí.

Ọ̀RỌ̀ OÒGÙN APAKORÍKO

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Oògùn tó ń pa koríko kò mọ ata yàtọ̀ sí koríko. Atẹ́gùn díẹ̀ ló máa gbé e sórí ẹ̀fọ́ tí a fẹ́ jẹ. Òmíràn ń wọ inú gbòǹgbò lọ, ọ̀gbìn tó bá kàn kò tún ní rú mọ́, bó ti wù kí a gé e tó. Èyí tí wọ́n ń pè ní paraquat, NAFDAC ti fi òfin dè é láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ẹnu kan péré nínú rẹ̀ lè pa ènìyàn, kò sì sí ohun tó ń rọ̀ ọ́. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń tà á nínú ìgò mínírà lọ́jà wa, ẹ má dákẹ́. Ọmọ ẹnikẹ́ni ló lè mu ún.

Àti pé ẹni tó bá fọ́n oògùn sí ẹ̀yìnkùlé lónìí, tó ká ẹ̀fọ́ ibẹ̀ lọ́la wá tà fún oníbàárà, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Bí a bá ń gé igi nínú igbó, ká máa fi ọ̀ràn ro ara wa wò.

KÀLẸ́ŃDÀ ẸṢẸ̀KẸṢẸ̀

Oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án: gé ilá tó ń yá, ewúro, èfìnrín. Tún tẹ̀tẹ̀ àti ewédú fọ́n.
Oṣù kẹwàá: rẹ́ ẹ̀ka ata. Gé ewé ìsàlẹ̀ tòmátì. Tẹ́ koríko sí ìdí gbogbo wọn kí ilẹ̀ tó gbẹ. Ro abẹ́ kajú.
Oṣù kọkànlá: la ọ̀nà iná yí oko kajú ká, kí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí ogún. Má gé igi eléso.
Oṣù kejìlá sí ìkejì: bu omi láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́. Omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ sàn ju ìwọ́n díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ká ọ̀gbìn, má gé e mọ́.
Oṣù karùn-ún sí ìkeje: gé kajú, lẹ́yìn náà máńgòrò. Gbin igi ewúro tuntun.

Ẹ DÁN ARA YÍN WÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí ló dé tí a kì í gé ilá àwọn ìyá wa àtijọ́ ní oṣù kẹsàn-án?
2. Ta ló gé kajú tàbí máńgòrò rẹ̀ lọ́dún tó kọjá? Oṣù wo ni? Ṣé ó so?
3. Ta ló ní irúgbìn ilá tàbí igi ewúro tó lè fún ẹlòmíì? Kí ó mú un wá.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ẹ má ní ọwọ́ yín dí. Ọwọ́ gbogbo wa ló dí. Ilá mẹ́wàá kò gba wákàtí kan láti gé, ata márùn-ún kò tó bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọjà ò bá ná, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé, ẹ mú ọ̀bẹ, ẹ mú ọ̀pá, ẹ pe ọmọ kan mọ́ra kí òun náà lè kọ́ ọ. Bó bá di oṣù kejìlá, tí ẹ bá ń já ata láti ẹ̀yìnkùlé sínú ìkòkò, tí owó òwò yín sì pé ní àpò, ẹ rántí wa.

Ẹ̀ẹ̀rùn yìí á tù wá lára. A ò ní fi owó òwò jẹun o. Àṣẹ.